Ìlù ní Ilé Ọlọ́run

Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì

Ẹ kà: Orin Dáfídì 150, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 17:16–34, 1 Tẹsalóníkà 5:19–22.



Ó ṣòro láti rí ìjọ kan ní ilẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ orin àti ìlù kò tíì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà a máa wí pé dùùrù àti ìwé orin tó fún ìsìn. Àwọn ọ̀dọ́ a máa wí pé ohun tí ń mú ara wọn yá gágá lóde ni kí a mú wọlé wá. Kí a tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa sẹ́yìn, kí a sì fi Ìwé Mímọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

I. Ohun tí àwọn baba wa ṣe

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. mú Ìhìnrere wọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, wọ́n mú ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pẹ̀lú. A yí ọ̀rọ̀ àwọn orin náà padà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n a kò yí ohùn wọn padà. Èdè wa sì jẹ́ èdè tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀: ọkọ kì í ṣe ọkọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé sọ̀kalẹ̀, ohun kan ni akọrin ń wí, ohun mìíràn ni etí ń gbọ́.

Àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ríran rí èyí. Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí í ṣe bàbá-bàbá Fela, fi ohùn orin Ẹ̀gbá yin Olúwa. Ní ọdún 1922 ó kọ orin 43 sínú àwo giramafóònù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Èkó láti 1914 títí di 1962, wá ọ̀nà tí orin yóò fi bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé àdúrà, ìwàásù àti wòlíì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a kò lè ṣe ìsìn kan láìfi ẹnu bà, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tìtorí èyí kọ̀ wọ́n. Wọ́n gbà wọ́n, wọ́n sì yà wọ́n sí mímọ́ fún iṣẹ́ Olúwa.

II. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo

Dúró Ládípọ̀ jẹ́ olùkọ́, ọmọ alùfáà ìjọ Áńgílíkà sì ni. Ní ọdún 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ kan ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù Yorùbá wọ inú rẹ̀. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ dún ní ilé Ọlọ́run.

Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ìgbà náà mọ iṣẹ́ tí ìlù ti ṣe rí. Bàtá ni a fi ń ké sí Ṣàngó. Ẹni tí ó sì ti fi omijé kọ òrìṣà ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ kò lè gbọ́ ọ kí ọkàn rẹ̀ má mì. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìlù ilẹ̀ wa a máa sọ̀rọ̀. Ìbá ti dára kí a bèèrè ohun tí ó ń wí kí a tó dá igi àti awọ lẹ́bi. Àjíǹde Kristi ni ó ń wí ní ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ náà bọ́ síta. Ní ọdún 1962, a dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963, eré Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó. Ní 1964 ó dé Berlin ní Jámánì, ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ Yorùbá kò sì lè ṣàì fi yangàn. A kò wí pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan náà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọ kíyè sí i: nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, ìlù kò dákẹ́, ilé mìíràn ni ó wá lọ. Ẹ sì rántí pé ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ni ó fún Hubert Ogunde láyè ní ọdún 1944 láti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, lórí ọgbà Édẹ́nì.

III. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kọ́ wa

Onísáàmù ka ohun èlò orin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ijó pẹ̀lú, kò sì bèèrè ilé tí èyíkéyìí ti wá. Ẹni tí a ń yìn ni ó tẹnu mọ́. Ní Áténì, ọkàn Pọ́ọ̀lù gbọgbẹ́ nítorí òrìṣà ìlú náà, síbẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ àwọn akéwì wọn wàásù. Ó banú jẹ́, ó sì yá ọ̀rọ̀ lò. Ṣùgbọ́n kò gbé òrìṣà kankan dání kúrò níbẹ̀.

Nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Tẹsalóníkà, ó pa á láṣẹ pé kí a má ṣe pa iná Ẹ̀mí. Lójú kan náà ó ní kí a dán ohun gbogbo wò. Ẹni tí ó kọ ohun gbogbo rú àṣẹ ìṣáájú. Ẹni tí ó gba ohun gbogbo rú èkejì.

IV. Ewu ti ọjọ́ òní

Lónìí, ilẹ̀kùn ti ṣí ní ọ̀pọ̀ ìjọ: gángan ń dún, jìtá ń dún. Ewu ti yí ojú padà. A ń gbé orin òde àríyá wọlé, a ń pààrọ̀ orúkọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, a sì ń pè é ní orin ìyìn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, gángan a fi Olúwa sílẹ̀, a máa ki olówó. A ó sì máa lẹ náírà mọ́ iwájú orí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó báyìí sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìtìjú ni bí ó bá jẹ́ iwájú pẹpẹ ni a ti ń rú òfin ìlú.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ akọrin máa bèèrè ohun mẹ́ta lórí orin gbogbo. Èkínní, ta ni a ń yìn? Èkejì, òtítọ́ ha ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, etí sì ha lè gbọ́ ọ yé? Ẹ̀kẹta, kí ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ? Kí àgbà tó kọ orin ọ̀dọ́ kan, kí ó jókòó tì í, kí ó gbọ́ ọ dópin. Kí ọ̀dọ́ náà sì gbà kí a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láìbínú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín yíyá ọ̀rọ̀ ará Áténì lò àti gbígba òrìṣà wọn?
2. Orin wo ni a ń kọ ní ìjọ wa tí kò lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta òkè yìí?
3. Ta ni ọ̀dọ́ tí ẹ̀bùn rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí a kò tíì gbọ́ tirẹ̀?

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ọkàn tí ń mọ ìyàtọ̀. Àmín.