Má Dí Ihò Ojú Ultraman

Ọmọ mi, wọ́n ní o ti ra amọ̀, o ti ra fáíbà, o sì ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ tó ní ẹ̀rọ 3D dúnàádúrà, torí pé o fẹ́ ṣe ìbòjú Ultraman, akọni pupa òun fàdákà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Japan ti ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti ọdún 1966, kí o lè gbé e wọ̀ bí ẹni pé inú àpótí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà lo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Inú mi dùn sí i. Èmi tí mo ti fi fáíbà ṣe ère, tí mo fi ṣe tánkì omi, tí mo fi ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ fún àwọn páńẹ́ẹ̀bítà títí irun mi fi funfun, mi ò ní bá àwọn tó ń pè é ní eré ọmọdé rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ojú kan rí á mọ̀ pé kò sí eré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Jókòó tì mí ná, kí ọwọ́ rẹ tó kan amọ̀ yẹn.

Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ kò le rárá, síbẹ̀ ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́: Ultraman wo lo fẹ́ ṣe? Má wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Láti July 17, 1966 tí eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TBS títí di April 9, 1967 tí wọ́n fi apá 39 kádìí rẹ̀, ìbòjú mẹ́ta ni wọ́n lò tẹ̀lé ara wọn, tí àwọn tó mọ̀ wọ́n dunjú ń pè ní A, B àti C. A ni wọ́n lò ní apá 1 dé 13, B gbà á ní apá 14, C sì gbé e láti apá 30 dé òpin. Wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fi ẹnu C sí ojú A, tó wá lọ ya etí láti ara àwòrán tí ẹnì kan fi ọkàn ara rẹ̀ yà lánàá, ojú kẹrin ló ṣe yẹn, ojú tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, kò sì sí bí ó ṣe lè dán tó, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò kàn wò ó, yóò mi orí, yóò sì kọjá. Nítorí náà, mú ọ̀kan. Nígbà tí o bá ti mú un, àwọn apá tí ìbòjú yẹn wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí o máa wò, kí o máa dá àwòrán dúró níbi tó ti yí ọrùn, níbi tó ti tẹrí ba, níbi tí iná ti tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, títí tí ojú náà á fi máa yọ sí ọ lójú oorun.

Tèmi ni kí o mú A. Màá sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú náà ṣe wáyé, torí ẹni tí kò mọ ìdí tí imú fi wà níbi tó wà, yóò sún un síbòmíràn láì mọ̀.

Eiji Tsuburaya ni baba ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó ṣe iṣẹ́ ìyanu ojú àwòrán nínú fíìmù Godzilla ní 1954, tó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1963. Wọ́n ti ṣe eré tẹlifíṣọ̀n Ultra Q, tó jẹ́ dúdú òun funfun, wọ́n wá fẹ́ èyí tí yóò ní àwọ̀, tí òmìrán kan yóò ti máa gba ènìyàn lọ́wọ́ àwọn ẹranko abàmì. Òmìrán tí wọ́n kọ́kọ́ rò jẹ́ ohun tó jọ ẹyẹ, tí wọ́n pè ní Bemular. Wọ́n pa á tì, wọ́n gbé òmíràn tí wọ́n pè ní Redman dìde, òun náà ṣì ní ìwo àti ohun ẹ̀rù lára. Tohl Narita tó ya àwòrán rẹ̀, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ère ni, kò sì fi nǹkan kan kún un mọ́, yíyọ ló ń yọ kúrò: ó yọ ìwo, ó yọ ohun ẹ̀rù, ó ń yọ ọ́ títí ó fi ku ojú méjì tó rí roboto gígùn bí ẹyin, ètè tó pa dé tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò rẹ́rìn-ín, àti òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti iwájú orí gun àtàrí lọ sẹ́yìn. Akira Sasaki ló wá fi amọ̀ sọ ọ́ di ojú tòótọ́. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ń fẹ́ gbẹ́ ìlà kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ó lè le lójú sí i, rántí pé àwọn tó ṣe é ti kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé.

Ní ti A, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa là, kí ó máa pa dé. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe awọ ojú rẹ̀ kí ó lè rọ̀. Ẹnu náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò, wọ́n sì fi èrò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ti hunjọ yí ètè ká, àwọn ìlà wọ̀nyẹn sì wà níbẹ̀ tí gbogbo Japan fi ń wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí B dé, fáíbà líle ni, ẹnu rẹ̀ kò mì, ojú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Tí o bá bi àwọn tó fẹ́ràn òmìrán yìí láti kékeré nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ fún ọ pé ojú A tó hunjọ yẹn ló dà bí ẹni tó ti ibi tó jìn wá lóòótọ́, ẹni tí kò tíì mọ́ra nílé ayé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe A, tí wọ́n wá mú bọ́dì fílà, tí wọ́n fi dí gbogbo ìlà ẹnu rẹ̀, tí wọ́n fi sáńpépà fá a títí ó fi ń kọ mọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Kí ni wọ́n ń tún ṣe? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀rọ̀ ihò ojú wá ńkọ́? Iná kékeré ló ń tàn nínú ojú ìbòjú náà, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì lè ríran nípasẹ̀ iná, nítorí náà wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ ojú méjèèjì kí ó lè rí ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ sí. Narita kò fẹ́ràn ihò yẹn. Kò fẹ́ràn síìpù ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi ohun tó jọ lẹbẹ ẹja bò mọ́lẹ̀, kò sì fẹ́ràn iná àyà tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí agbára òmìrán bá ń tán lọ, èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 2002. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Shinji Higuchi darí fíìmù Shin Ultraman tí Hideaki Anno kọ, wọ́n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò kí òmìrán lè rí bí olùyàwòrán ṣe rí i lọ́kàn. Ó dára, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló gbé òmìrán tiwọn rìn, kọ̀ǹpútà kì í sì fẹsẹ̀ kọ. Tìrẹ, orí ènìyàn ni yóò wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ pé ènìyàn wà nínú ẹ̀kú, ará ọ̀run ni, àwọ̀n tí wọ́n hun sí ojú ẹ̀kú sì mọ bí ó ṣe ń pa àṣírí mọ́ tí ẹni inú rẹ̀ fi ń rí wa tí a kò rí i. Ultraman kò ní àwọ̀n. Ihò méjì yẹn ní gbangba ló fi hàn pé ọmọ ènìyàn kan wà níbẹ̀, tó ń làágùn, tó ń wá ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́: bí o bá ń ṣe èyí tí wọ́n wọ̀ ní 1966, má dí i, má fi gíláàsì dúdú bò ó, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọgbọ́n ayé tuntun tàn ọ́ pé kò yẹ kó wà.

Ẹni tó wà nínú ìbòjú náà ń jẹ́ Bin Furuya. Ó ga, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìrísí ara rẹ̀ sì ni Narita rí tó fi ní òun lòun fẹ́. Ó ti wọ aṣọ ẹ̀dá abàmì tí wọ́n ń pè ní Kemur nínú Ultra Q ṣáájú. Bó ṣe máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ó bá fẹ́ jà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ní òṣèré James Dean ni òun wò nínú fíìmù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ jà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìbòjú tí kì í yí ojú padà, ara ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí orí bá tẹ̀ díẹ̀, òjìji á bọ́ sábẹ́ òkè orí, ìbínú á sì dé ojú tí kò bínú tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń mọ amọ̀ rẹ, má jókòó síwájú rẹ̀ lójú kan. Gbé e sókè ju orí rẹ lọ, kí o wò ó láti ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà ti máa ń wo òmìrán. Bí ètè bá ti sọnù níbẹ̀, o ti gbé e wọlé jù. Wọn orí tìrẹ náà dáadáa, nítorí tí ìbòjú bá tóbi jù fún èjìká rẹ, agolo lásán lo gbé rù.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Mi ò ní ní kí o má lo ẹ̀rọ 3D ọ̀rẹ́ rẹ. Lò ó fún orí tí amọ̀ yóò jókòó lé. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán fún ẹ̀rọ náà, wọ́n sábà máa ń mú ìdajì ojú kan, wọ́n á sì yí i padà bí ìgbà tí a wo dígí, kí ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tí ọwọ́ mọ kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ mọ apá ojú àti ẹnu.

Wàyí o, fáíbà. Níbí ni mo ti máa pàṣẹ, mi ò gba ìmọ̀ràn. Resin tó ń mú fáíbà le, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, igo méjì ló sábà máa ń bá a wá, accelerator àti catalyst. Accelerator ni kí o kọ́kọ́ dà sínú resin, kí o rò ó títí yóò fi wọ̀ ọ́, kí o tó kán catalyst sí i. Má jẹ́ kí igo méjèèjì pàdé ara wọn láìsí resin láàárín, àní kí o má fi igi kan náà ro méjèèjì, torí iná ni, ó sì lè bú gbàmù. Catalyst tí yóò wọ resin tó tó 100 gíráàmù kò ju gíráàmù kan sí méjì lọ. Àwọn tó bá ń kánjú á da púpọ̀ kí ó lè tètè gbẹ, ike tí resin wà nínú rẹ̀ á máa rú èéfín, ohun tí wọ́n ṣe á sì sán. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí catalyst bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú, nítorí náà wọ gíláàsì ààbò, ìbọ̀wọ́, àti ìbòmú tó ní asẹ́ èéfín kẹ́míkà, kì í ṣe aṣọ pẹlẹbẹ tí a lò nígbà kòrónà. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é. Nígbà tí o bá sì ń fá a, fi omi sí sáńpépà, kí eruku rẹ̀ má wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí o máa họra di ọjọ́ kejì.

Ọ̀dà fàdákà lásán tó fún ìbòjú náà, kì í ṣe èyí tó ń dán bí dígí, torí bí o bá fi onídígí kùn ún, gbogbo ilé àti igi tó wà níwájú rẹ ni wọn yóò rí nínú rẹ̀, wọn kò ní rí ojú mọ́. Fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, kí o jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé lábẹ́ àgbọ̀n. Má sì dá wọ̀ ọ́ jáde láìsí ẹni tó di apá rẹ mú. Furuya pàápàá, nígbà tó di 1967 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré Ultraseven, ojú ara rẹ̀ gan-an ló fi ṣeré níbẹ̀, ó di ẹni tí wọ́n ń pè ní Amagi, mo sì gbà pé ọkùnrin náà mọyì afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá yìn ọ́, dárúkọ Narita, dárúkọ Sasaki, kí o tó dárúkọ ara rẹ. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ rà á, sọ fún un pé ilé iṣẹ́ Tsuburaya ṣì wà, àwọn ló ni ojú náà, ìwọ kàn ṣe é fún ìfẹ́ tí o ní sí i ni. Bí catalyst bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, má tijú, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣì ní òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì ṣì ń sọ òótọ́.