Níbo ni kí n ti lọ kọ́ MBA?

ÌBÉÈRÈ

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní ẹ̀ka ọjà títà ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ, mo sì fẹ́ lọ kọ́ MBA, ìyẹn másítà nínú ìṣàkóso òwò, lókè òkun kí n lè dé ipò ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti ka oríṣiríṣi àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà títí orí fi ń fọ́ mi. INSEAD ti ilẹ̀ Faransé wà lókè téńté nínú ọ̀kan, n kò sì rí orúkọ rẹ̀ rárá nínú òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston sọ pé Amẹ́ríkà ló dáa jù. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sọ pé ìlú ọba ni kí n lọ, torí pé ọdún kan péré ni. Mo ní ọkọ, mo sì ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Àtẹ wo ni kí n tẹ̀lé? Ṣé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lókìkí, wọn kò ní gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbi gbogbo ni?

Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ sì bèèrè lásìkò, kí owó tó jáde lápò. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ọ̀gá yín kò purọ́, àwọn àtẹ náà kò sì purọ́. Ìbéèrè tí kálukú wọn ń dáhùn ló yàtọ̀ sí tiyín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àtẹ kúrò nílẹ̀. Ìwé ìròyìn Financial Times ti Lọ́ńdọ̀nù máa ń to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé. Ó máa ń bi àwọn tó jáde ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn léèrè iye tí wọ́n ń gbà. Owó oṣù yìí, àti bó ṣe fi lé sí i lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ló wúwo jù nínú ìṣirò rẹ̀. Ní ti àtẹ U.S. News, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà nìkan ló ń tò. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí INSEAD níbẹ̀. Kì í ṣe pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kù síbì kan. Bloomberg Businessweek máa ń to ti Amẹ́ríkà lọ́tọ̀, ti Yúróòpù lọ́tọ̀. Ẹ lè fi àtẹ mọ orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi yan ibi tí ẹ máa lọ, torí kò sí èyí tó mọ ibi tí ẹ fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́ tàbí ẹni tí ẹ fẹ́ mú dání.

Ìbéèrè yín kejì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé kò síbi tí ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ tó lókìkí ti máa di ìwé lásán. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí nìkan kọ́ ni ẹ fẹ́ fi owó yín rà. Ẹ tún ń sanwó fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wá fọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu wò, àti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó máa gbé fóònù yín nígbà tí ẹ bá ń wáṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí máa ń bá èèyàn rìnrìn àjò. Àwọn iléeṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́jáde wọ̀nyí kì í sábà bá èèyàn lọ. Iléeṣẹ́ tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ Rotman ní Toronto, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ fún un ní Kánádà ló sábà máa ń wá. Èyí tó lọ sí ESMT ní Berlin, Jámánì ló ní lọ́kàn. INSEAD fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá, tí ó sì ní ọgbà ní Singapore àti Abu Dhabi yàtọ̀ sí ti Fontainebleau, kò lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú kankan. Ìjọba ìlú ló ń fúnni ní ìyẹn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Ibẹ̀, tàbí ìtòsí rẹ̀, ni kí ẹ ti wá ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ti dáhùn èyí, ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà lórí àtẹ máa kúrò lọ́nà fúnra wọn.

Bó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni ẹ fẹ́ ti di ọ̀gá, ẹ má fojú kéré ohun tó wà nílé. Lagos Business School, tó wà ní Ajah lábẹ́ Pan-Atlantic University, ní ìfọwọ́sí àwọn àjọ tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ òwò wò, ìyẹn AACSB ti Amẹ́ríkà àti AMBA ti ìlú ọba. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò IESE ti Barcelona wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ ńláńlá tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ wà nípò ọ̀gá nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ jáde nílùú, ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì Cape Town ní ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ayé kà sí jù: AACSB, AMBA àti EQUIS.

Bó bá jẹ́ ìlú ọba, òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ pé ó yá. Púpọ̀ nínú MBA ibẹ̀ kì í ju ọdún kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti London Business School sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ibẹ̀ fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́jáde láti dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, àmọ́ ẹni tó bá béèrè fún àyè yìí láti 1 January 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Ohun tó kàn yín jù nìyí: láti January 2024, ẹni tó ń lọ kọ́ irú ẹ̀kọ́ másítà tó jẹ́ ti kíláàsì, tí MBA wà lára rẹ̀, kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kí ẹ jókòó sọ ọ́: ṣé ẹ lè fi ara yín sílẹ̀ fún ọdún kan? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìlú ọba ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹ kọjú sí ibòmíràn.

Kánádà lè jẹ́ ibòmíràn náà. Ẹni tó bá parí másítà níbẹ̀ lè rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà fún ọdún mẹ́ta, bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí ẹ̀kọ́ másítà náà bá tó oṣù 16, ọkọ yín náà lè béèrè fún ìwé àṣẹ láti máa ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, torí MBA ọdún kan ní Kánádà lè ṣàìtó oṣù náà, nígbà tí ti ọdún méjì máa ń tó o.

Ní ti Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni MBA ibẹ̀ sábà máa ń gbà. Ìsinmi gígùn tó wà láàárín ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan, tí ọ̀pọ̀ sì ń tibẹ̀ rí iṣẹ́ gidi. Èyí dára gan-an fún ẹni tó fẹ́ pa iṣẹ́ dà. Ẹ̀yin kò fẹ́ pa iṣẹ́ dà, ẹ fẹ́ gòkè lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ti mọ̀ ni, nítorí náà èrè ọdún kejì lè má tó iye tó máa ná yín. Bí ẹ bá jáde, ọdún kan ni ẹ lè fi ṣiṣẹ́, àyàfi bí ìjọba bá ka ẹ̀kọ́ yín mọ́ ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n á fi oṣù 24 kún un. Ọkọ tó bá tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2025 sì ni ìjọba ibẹ̀ ti mú òfin físà le sí i fún àwa ọmọ Nàìjíríà. Ẹ bèèrè ní ẹ́ńbásì wọn kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù kankan.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló kù. Ìdánwò àbáwọlé GMAT tàbí GRE: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ ṣe èyí tó bá yín lára mu. Owó: kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ló ń san owó MBA tán. Chevening ti ìlú ọba, fún àpẹẹrẹ, ní iye tí kì í kọjá lórí owó ẹ̀kọ́ MBA. Ẹ̀yin lẹ máa wá ìyókù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yan ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ibi tí ẹ ti pinnu, kí ẹ sì wá ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n máa ń gbé jáde lórí iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn rí. Ẹ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo iye wọn tó wọ iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ọjà ilé. Ẹ wo iye tó ti ríṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa ń ya àwọn tó ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ títí láé níbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní; ìlà àwọn tí kò ní yìí ni kí ẹ kà, torí ibẹ̀ ni ẹ máa wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó jáde lọ́dọ̀ wọn, tó sì ní ọmọ nígbà tó wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe é, tayọ̀tayọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ń dáhùn. Ẹ bi í léèrè bó ṣe ríṣẹ́, ẹni tó bá a tọ́mọ, àti iye tó ná an lóṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ bá ìgbé ayé ẹ̀yin àti ọkọ yín mu ni kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sókè, ipò yòówù kó wà lórí àtẹ.