Nígbà tí Aláìsàn Bá Ń Ti Yàrá Ìtọ́jú Àkànṣe Padà Sílé

Yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni apá ilé ìwòsàn tí a ti ń fi ẹ̀rọ bá ẹni tí àìsàn rẹ̀ le púpọ̀ mí, tí nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ní ìlú Copenhagen, ní ilẹ̀ Denmark, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà gidigidi ní 1952, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè mí fúnra wọn mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí a la ihò sí ọ̀nà ọ̀fun wọn, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sí wọn nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí 1,500 ni ó ń gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbá kú sì yè. Láti inú èyí ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti jáde ní 1953.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ ibẹ̀ ni ẹ̀rọ lè gbà là. Ìgbà mìíràn, dókítà a rí i pé kíkú ni ẹ̀rọ kàn ń fà gùn. Nígbà náà ni àwọn ẹbí máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí bàbá àwọn padà sílé, kí ó lè pa ojú dé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ó tọ́ ni. Ohun tí ó burú ni kí a yọ rọ́bà, kí a san owó, kí a gbé aláìsàn sínú ọkọ̀ láìsí oògùn, láìsí ẹni tí a lè pè. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ̀rù a ba àwọn ará ilé, wọn a tún sáré gbé e padà, ojú ọ̀nà ni ó sì lè kú sí.

Nítorí náà, kí a tó yọ ẹ̀rọ, ó yẹ kí dókítà jókòó ti ẹbí, kí ó sọ òtítọ́: pé ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó tilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé. Bí aláìsàn bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀, kí a bi òun náà. Nílé, a óò gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, a óò máa yí i padà, a óò máa fi aṣọ tútù ra ètè rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi ipá rọ ọ́ lóúnjẹ, nítorí ó lè fún un lọ́rùn.

Oògùn tí ó ṣe pàtàkì jù ni morphine, èyí tí ń dín ìrora kù, tí ó sì ń mú kí èémí rọ aláìsàn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé ó ń pani. Bí a bá wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà Cicely Saunders, tí ó ṣí St Christopher's Hospice ní London ní 1967, kọ́ àwọn dókítà láti máa fún aláìsàn ní oògùn yìí ní wákàtí tí a yàn, kí ìrora tó dé. Ní ilẹ̀ Uganda, níbi tí Dókítà Anne Merriman ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 1993, omi ni a ń po ó mọ́, mímu ni a sì ń mu ún. Láti 2004, òfin ibẹ̀ gba nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn, kí ará oko má baà máa dúró de dókítà.

Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka fún ìtọ́jú báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà, lẹ́tà ni ó ṣe kókó: kí dókítà kọ orúkọ àìsàn, oògùn àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ abúlé kí ọkọ̀ tó gbéra.