Yùríà Tí Ẹ̀fọ́ Kò Rí Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ ní akùrọ̀, ọ̀rọ̀ yùríà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nínú àpò yùríà 50 kílò, 23 kílò ni náítírójìn, òun sì ni tẹ̀tẹ̀ ń wá. Èyí tí kò bá rí jẹ kì í dúró dè é. Omi á wọ́ díẹ̀ lọ sínú odò, díẹ̀ á di gáàsì.

Gáàsì kan wà níbẹ̀ tí ẹ mọ̀: amóníà, tó máa ń ta yín nímú bí ẹ bá fọ́n yùríà sórí bẹ́ẹ̀dì láì bò ó. Owó yín ló ń rùn yẹn. Èkejì kò ní òórùn rárá. Nitrous oxide ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń kó ìdààmú bá mi jù. Láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó 273 kílò carbon dioxide. Àwọn onímọ̀ IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, máa ń ṣírò rẹ̀ pé ìdá 1 nínú 100 náítírójìn tí a fi sínú ilẹ̀ ló ń di gáàsì yìí. Ó kéré létí, àbí? Ẹ ṣírò rẹ̀: ooru tí gáàsì yìí ń mú wá láti inú àpò yùríà kan tó ti nǹkan bí 100 kílò carbon dioxide, láì tíì ka gáàsì tí wọ́n lò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn inú ilẹ̀ ló ń ṣe nitrous oxide yìí, pàápàá bí omi bá kún ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Akùrọ̀ wa gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ bẹ́ẹ̀dì tí omi ń yọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín, ẹ gbé yùríà yẹn padà sílé. Ẹ kọ́kọ́ la ọ̀nà fún omi. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ ní sùúrù.

Bí ilẹ̀ bá dára, ẹ fi ìka fa poro kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, kó jìn tó ìka kan, kó má sì kan gbòǹgbò. Ẹ wọ́n yùríà díẹ̀ sí i, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, ẹ bu omi díẹ̀ lé e. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀fọ́ kékeré kò lè jẹ oúnjẹ ẹ̀fọ́ ńlá. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wa dán ọ̀nà ìwọ̀n kékeré yìí wò.

Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ yín jà ni ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ ó da ìgbẹ́ adìẹ sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó tún wá fọ́n yùríà bí ẹni pé ẹ kò tíì fi nǹkan kan síbẹ̀. Náítírójìn náà ló wà nínú rẹ̀! Ẹ kà á mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹrà dáadáa, níbi tí òjò kò ti ní pa á.

Mo mọ̀ pé oníbàárà fẹ́ ewé tó dúdú minimini. Àmọ́ ẹ̀fọ́ tó jẹ yùríà àjẹjù máa ń rọ̀, kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò: òun ló ń kọ́kọ́ pọ́n bí náítírójìn bá dín.

Nígbà tí ẹ bá tún gbìn, ẹ fi ìgbẹ́ adìẹ nìkan sí bẹ́ẹ̀dì kan, kí ẹ sì fi yùríà kún ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gé e, ẹ wọn méjèèjì lórí ìwọ̀n. Bí ohun tí yùríà fi kún un kò bá tó owó tí ẹ fi rà á, ẹ má rà á mọ́ fún ilẹ̀ yẹn.