Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Iṣẹ́ Láti Fi Ẹ̀rọ Rán Ojú Bọ́tìnnì

Aránṣọ ni ìyá mi. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó ní kí n kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ òun mẹ́ta bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ rán ojú bọ́tìnnì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kan gbogbo àwa tí a ń múra láti di olùkọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, mo wí fún wọn pé, ‘Ẹ lu ihò, kí ẹ sì rán etí rẹ̀.’ Èyí tó kéré jù nínú wọn mú abẹfẹ́lẹ́, ó la iwájú ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kí ó tó rán ohunkóhun. Etí ibẹ̀ tú, aṣọ bàjẹ́, ìyá mi sì ní láti ra òmíràn. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ohun tí mo sọ ló ṣe.

Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní ihò mọ́, ojú ni mo ń pè é. Lílu ni a ń lu ihò. Ṣùgbọ́n ojú ti ní ìpéǹpéjú kí ó tó là. Báyìí ni mo ṣe to ẹ̀kọ́ náà:

1. Wíwọ̀n: Ẹ ro ìbú bọ́tìnnì pọ̀ mọ́ nínípọn rẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ ní mílímítà 11, tí ó sì nípọn ní 2, ojú rẹ̀ yóò gùn tó mílímítà 13. Lára ṣẹ́ẹ̀tì, ojú ti ọrùn a máa dùbúlẹ̀, ti àyà a máa dúró.

2. Dídánwò: Ẹ kọ́kọ́ rán an sára àgékù aṣọ kan náà, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po bí ti ṣẹ́ẹ̀tì gan-an.

3. Rírán: Ẹ yí ẹ̀rọ sí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò ti máa rìn sọ́tùn-ún sósì, kí ìrán rẹ̀ sún mọ́ra. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ dè é nídìí. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ dè é lórí. Ẹ fi àyè tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

4. Lílà: Ìgbẹ̀yìn nìyí. Ẹ fi píìnì dábùú orí àti ìdí, kí abẹfẹ́lẹ́ má baà gé ibi tí ẹ dè. Láti ìkángun kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti là á wá sí àárín.

Kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní abẹfẹ́lẹ́, yóò kọ́kọ́ ka ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí mi létí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí a fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ọmọ tó kéré jù yẹn ló rán gbogbo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́, kí ọ̀rọ̀ dùn nìkan kò tó. Bí iṣẹ́ bá ṣe tò ni kí ọ̀rọ̀ wa náà tò.