Bí Ọmọ Bá Forí Sọlẹ̀: Nígbà Wo Ni Síkáànù Tọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ orí ọmọ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ohun tí ojú wa rí ní ilé wa ní Sùúrùlérè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ọmọ méjì ṣubú. Ọmọ tèmi, ọmọ ọdún mẹ́ta, já bọ́ láti orí àga, iwájú orí rẹ̀ sì so kókó. Lójú ẹsẹ̀ ló figbe ta. Kò pẹ́ tó fi ń béèrè bísíkíìtì. Síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ní dandan ni kí á ya àwòrán orí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ti aládùúgbò wa ní tirẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì yí dé ìsàlẹ̀. Ó dákú díẹ̀, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó fi omi gbígbóná jó ojú ibẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ọmọ náà ti bì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Dókítà wo ọmọ tèmi, ó ní kò nílò síkáànù, kí á máa ṣọ́ ọ. Ọmọ kejì ni wọ́n yà kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sábẹ́ agbárí rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á là.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Agbárí le bí igbá. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá já nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀, kò sì ríbi gbà jáde, ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí nǹkan tó yí padà.

Kí ló dé tí a kì í fi ya orí gbogbo ọmọ tó bá ṣubú? Ìtànṣán síkáànù pọ̀ ju ti ẹ́síréè lásán lọ. Ara ọmọdé sì ṣì ń dàgbà. Ìtànṣán yìí lè dá kún ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu náà kéré. Ẹ́síréè lásán kò sì lè fi ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ hàn.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn 25 ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí ọmọ 42,412 tí wọ́n fi orí gbá nǹkan ṣùgbọ́n tí ojú wọn ṣì là. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2009. Ọmọ 376 péré ni ọpọlọ wọn farapa gidi, 60 sì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí àmì tí a fi ń mọ ẹni tí síkáànù tọ́ sí.

Ìkínní, ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀ bí ọmọ bá ń tòògbé ju bó ti yẹ lọ, tí kò dáni mọ̀, tí ó ń béèrè ohun kan náà léraléra, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tí agbárí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀.

Ìkejì, ẹ gbé e lọ kí dókítà wò ó bí ó bá dákú, bí ó bá ń bì, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, bí mọ́tò tàbí ọ̀kadà bá gbá a, tàbí bí ó bá já bọ́ láti ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ bàtà 3 ti tó. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kókó ní ìpàkọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ orí léwu ju ti iwájú orí lọ. Bí ìyá bá sì ní, “Ọmọ mi kì í ṣe báyìí,” àmì gidi ni. Bí ó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo, dókítà lè fi wákàtí 4 sí 6 ṣọ́ ọ. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ara ń burú sí i, síkáànù yá.

Ìkẹta, bí kò bá sí àmì kankan, ẹ máa ṣọ́ ọ nílé fún ọjọ́ kan. Ó lè sùn, ṣùgbọ́n ẹ máa jí i wò. Aṣọ tí a rì bọ omi tútù ni kí ẹ gbé lé kókó náà. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fún un ní àgbo tàbí oògùn oorun.

Ẹ máa kíyè sí aago tí ọmọ ṣubú, bí ibẹ̀ ti ga tó, bóyá ó sunkún lójú ẹsẹ̀, àti iye ìgbà tó bì. Ọ̀rọ̀ yín ni dókítà yóò fi ṣe ìpinnu. Ẹ̀yin ará Mùṣín, Yábàá àti Sùúrùlérè, bí àmì ewu bá yọjú, ẹ má dúró wá owó síkáànù kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 767 tàbí 112. Ojú dókítà ló kọ́kọ́ yẹ kó kan ọmọ náà, ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé e.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Orí ọmọ wa kò ní fọ́ o.