Ilẹ̀ Ìdànrè, Àwọn Ènìyàn Rẹ̀, àti Àrùn tí kò Mọ Ààlà

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ kòkó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹni tí ó bá fẹ́ kí oko òun pẹ́ títí, kò tó fún un láti mọ igi nìkan. Ó yẹ kí ó mọ ilẹ̀ tí igi náà dúró lé, omi tí ń ṣàn gba ibẹ̀, àti àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó fi ilẹ̀ Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kòkó pọ̀ níbẹ̀ gidigidi, a sì lè fi ojú rí i níbẹ̀ bí òkè, òjò àti ènìyàn ti ń mú èrè tàbí àdánù bá àgbẹ̀.

1. Ibi tí ilẹ̀ náà wà

Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, ìrìn nǹkan bíi máìlì 15. Ìlú Oǹdó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Odò Ọ̀wẹnà sì ń ṣàn láàárín àwọn méjèèjì lọ sí ìhà òkun. Àwọn òkè olókùúta ńláńlá yí i ká. Orí òmíràn nínú wọn pá láìsí erùpẹ̀ kankan. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún rọ̀ púpọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé ní oṣù kọkànlá.

2. Òkè àti erùpẹ̀

Òkúta kì í mu omi. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn wá sílẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni omi yìí ti ń kó ìyẹ̀rẹ̀ òkúta àti ewé jíjẹrà wá sí ẹsẹ̀ òkè, ìdí sì nìyí tí erùpẹ̀ ibẹ̀ fi jìn, tí ó sì lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: omi tí ó kó ọ̀rá wá náà ni yóò kó o lọ, bí ẹ bá ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe gé gbogbo igi igbó tán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ẹ má ṣe dáná sun ewé kòkó tí ó bọ́ sílẹ̀. Aṣọ ilẹ̀ ni.

3. Àwọn ènìyàn

Ìtàn àwọn baba wọn sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ti wá. Orí òkè ni wọ́n gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé ọ̀tá kò lè tètè bá wọn níbẹ̀. Láàárín ọdún 1920 àti 1930 ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ìlú wọn níbẹ̀ sì ni Òdòdè, Àlàdé àti Àtòsìn. Ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn ni ènìyàn ń gùn lọ sí ìlú àtijọ́ náà lónìí.

Kòkó pẹ̀lú rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ilẹ̀ wa. Láti oko ńláńlá Agége, níbi tí J. K. Coker ti jẹ́ aṣáájú àwọn àgbẹ̀ kòkó, ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti gbé irúgbìn àti ìmọ̀ rẹ̀ padà lọ sí ìlú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ igbó wọ́n ní ibòmíràn, àwọn ará Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Ìgbìrà wá sí igbó Oǹdó àti Ìdànrè. Abúlé wọn wà káàkiri inú igbó. Ẹlòmíràn jẹ́ onílẹ̀, ẹlòmíràn ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹlòmíràn sì jẹ́ alágbàṣe.

4. Àrùn kò mọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò

Ilẹ̀ tí ó tutù tí kòkó fẹ́, òun náà ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́. Ohun alààyè tín-tìn-tín kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn yìí. Inú erùpẹ̀ àti ara èso jíjẹrà ni ó ń gbé. Òjò a ta á sókè, èèrà a gbé e láti èso dé èso, omi tí ń ṣàn a sì gbé e láti oko òkè wá sí oko ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ tọ́jú oko yín tí aládùúgbò kò tọ́jú tirẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ṣe.

5. Ohun tí ó yẹ kí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe

(a) Ní ìgbà òjò, ẹ máa yí oko ká ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ já gbogbo èso dúdú, kí ẹ sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìnnà sí ìdí igi. Ẹ má ṣe kó wọn jọ sínú oko.

(b) Ẹ gé ọ̀mùnú ìdí igi àti ẹ̀ka tí ó há mọ́ra, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ ro oko dáadáa.

(d) Ẹ fín oògùn tí a fi bàbà ṣe kí àrùn tó gbilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ má sì ṣe fọ ẹ̀rọ náà nínú odò tí a ń mu.

(e) Ẹ fi àáró ṣe iṣẹ́ yìí, kí àwọn oko tí ó bára wọn pààlà di mímọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò lè ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ó bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà á.

(ẹ) Kí onílẹ̀ àti ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kọ àdéhùn wọn sínú ìwé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ilẹ̀ kì í náwó lé e, oko tí a kò sì náwó lé ni ibùgbé àrùn.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oko kòkó rí. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn tí kò mọ ìwé ní abúlé yín.